Omi Tí Ẹlòmíràn Kò Gbọdọ̀ Tọ́ Wò

"Màmá Ọ̀yọ́, omi."

Bí Tóbi ti ń wí láti àárọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń pariwo. Ìbá tilẹ̀ sàn bó bá ń pariwo. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ débi pé ó ń là, ahọ́n rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jẹ́ pé ariwo rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun ló wá ń bẹ ìyá bàbá rẹ̀ bí àgbàlagbà yìí.

Àníkẹ́ jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró fèrè ọkọ̀ láti Ọjà Igbó. Ó ń wo omi dírípù bó ṣe ń kán. Á kán, á dúró bí ẹni tó ń ronú, á tún kán. Lójú tirẹ̀, ìwà ìkà gbáà ni. Òùngbẹ ń pa ọmọ lọ, omi wà nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, omi wà nínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ dókítà ní ṣíbí kan péré ni kí wọ́n máa fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé ó tó àkókò.

"Ọmọ fẹ́ omi, ẹ fún un lómi," ló ti sọ fún Dókítà Mashood láàárọ̀. "Kí ló tún kù?"

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì dá a lójú, kò bínú. "Màmá, a ń fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a ń yẹ̀ wò ló ń sọ fún wa bí a ó ṣe fún un. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀."

Sùúrù. Ó dùn ún sọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ ló sùn síbẹ̀.

Àpò Àníkẹ́ wà lábẹ́ àga rẹ̀. Aṣọ funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò náà, ìgò kan sì wà ní àárín aṣọ funfun náà tí ó wé e mọ́. Adéọlá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó jókòó ní òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ pé ìgò kankan wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí Àníkẹ́ ń retí ju pé kí Adéọlá dìde jáde fún ìgbà díẹ̀.

Omi inú ìgò náà, láti Ọ̀yọ́ ni ó ti gbé e wá. Ọmọ rẹ̀ Timothy, tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sí Òkè Ọya, ló pè é lórí fóònù pé ìgbẹ́ gbuuru ti dá Tóbi gúnlẹ̀, òun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣókótó, kí màmá bá òun yọjú sí wọn. Ìsọ̀ tí Àníkẹ́ ti ń ta iyọ̀ àti kánún ní Ọjà Akẹ̀sán ló wà nígbà náà. Kò tilẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ dáadáa. Ilé àdúrà wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbà lọ tààrà.

Nínú ìjọ tiwọn, ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan tí gbogbo ọmọ ìjọ mọ ara wọn, omi àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún aláìsàn. Wòlíì Ọlọ́runṣògo á fi ìka méjì bu iyọ̀ sí omi, á pe orúkọ aláìsàn sí i. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ sí omi, ti ẹni náà nìkan ni. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mu ún. Kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Bó bá ta sí i lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ lá a. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò ti jí nínú ìwòsàn ẹni ẹlẹ́ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò já sí. Láti ìgbà tí Àníkẹ́ ti wà lọ́mọge ló ti ń pa òfin náà mọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí.

Wòlíì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i, ó gbàdúrà, ó lọ. Ó wá ku Àníkẹ́ àti ìgò. Ó wò ó títí. Tóbi nìkan ni ọmọ-ọmọ tí ó ní láyé. Ṣé ìwọ̀n iyọ̀ tí wọ́n ń bù fún ẹni tí orí ń fọ́ náà ni wọn yóò bù fún Olúwatóbilọ́ba? Òun tó ń ta iyọ̀, ta ni yóò bá a du iyọ̀? Ó fa ọ̀rá iyọ̀ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi. Nígbà tó rò ó pé ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ó tún bu òmíràn. Ó mi ìgò náà títí iyọ̀ fi yọ́ pátá, omi sì mọ́ gaara bí omi yòókù. Ìfẹ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ má rò pé nǹkan mìíràn ni.

Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ara Tóbi ti ń balẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ ni Adéọlá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ omi àdúrà rárá. Ó ti po oògùn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní ORS mọ́ omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, ó sì ń fún ọmọ mu. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lọ gba àyè níléèwé, tí oògùn inú jọ́ọ̀gì sì tán, Àníkẹ́ ló po òmíràn. Omi àdúrà ló fi pò ó. Ó ní kí oògùn òyìnbó àti àdúrà jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kò lè burú. Tóbi fajú ro, ó fẹ́ tu ú jáde. Àníkẹ́ rò pé àìsàn ló mú ẹnu rẹ̀ korò, ó rọ̀ ọ́ títí ó fi mu ún. Nígbà tí Adéọlá dé, jọ́ọ̀gì ti gbẹ, ó sì kí ìyá ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ìgbẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ ń sùn bí ẹni tí kò fẹ́ jí, bó bá sì jí, á máa ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá sí wọ́ọ̀dù, tí Dókítà Mashood sì ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí Àníkẹ́ gbọ́ yẹn, kò rò ó mọ́ omi tirẹ̀ rárá. Lọ́kàn rẹ̀, omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí, iyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́.

Adéọlá dìde nígbà tó yá. "Màmá, mo fẹ́ lọ gba oògùn tí wọ́n kọ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan o."

"Kí ni mo fẹ́ fún un?" ni Àníkẹ́ wí.

Ìró bàtà Adéọlá kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí Àníkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa àpò yọ. Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó da omi sínú ìdérí ìgò, ó gbé orí Tóbi sókè, ó dà á sí i lẹ́nu, ó sì ṣe àmín lábẹ́ ètè. Bó ti ṣe lánàá nìyẹn, bó sì ti ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Tóbi kò fajú ro mọ́. Ó gbé e mì, ó sì wo ojú rẹ̀.

"Omi," ló wí.

"Ṣé omi kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ yìí, ọkọ mi?"

"Omi, Màmá Ọ̀yọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́. Ó tún fún un ní ìdérí kan sí i.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí Dókítà Mashood wọlé, kò sì bá wọn ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fa àga, ó jókòó. Adéọlá ti dé nígbà náà, oògùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá Tóbi, a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Iyọ̀ inú rẹ̀ yẹ kó ti máa wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Ńṣe ló gòkè sí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe po ORS yẹn nílé?"

"Ọ̀rá kan, Dókítà. Mo pò ó mọ́ lítà omi kan. Ìgò oní-lítà kan ni mo fi wọn omi náà."

"Ẹ ò fi iyọ̀ kún un?"

"Rárá, Dókítà."

"Ẹ dákun, ẹ ronú dáadáa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín jà."

Adéọlá ronú. Àníkẹ́ rí i bó ṣe ń ronú, tó ń ka ìka rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń yí padà. "Ó dà bíi pé ọ̀rá kan ni," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà kò dá a lójú mọ́.

"Bí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n fún un mu," ni dókítà wí, "a jẹ́ pé kídìnrín rẹ̀ ni. A ó ní láti gbé e lọ sí Ìbàdàn lónìí. Mi ò sì fẹ́ gbé e sójú ọ̀nà bó ṣe wà yìí, torí gìrì lè mú un nínú ọkọ̀."

"Ẹ kúkú fún un lómi púpọ̀," ni Adéọlá wí, omijé sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, ṣebí omi la máa ń bù sí i?"

Dókítà mi orí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n ṣe bí ẹni tó di nǹkan kékeré mú. "Gbogbo ara wa pátá, àwọn yàrá kéékèèké ló para pọ̀ di í. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Omi ló kún inú wọn, ògiri wọn sì tín-ín-rín, omi lè gba ibẹ̀ wọlé, ó sì lè gba ibẹ̀ jáde. Iyọ̀ kì í rí àyè kọjá bẹ́ẹ̀. Tí iyọ̀ bá wá pọ̀ níta ju inú lọ, omi inú yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tọ iyọ̀ lọ. Yàrá á máa súnkì. Ti ọpọlọ ló ń bà mí lẹ́rù jù, ìdí nìyẹn tó fi ń sùn tó sì ń ké."

"Omi yóò sì tún kún un padà, àbí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Bí a bá rọ́ omi lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sáré wọ inú àwọn yàrá tó ti súnkì, wọ́n á wú lójijì. Ọpọlọ kò sì rí àyè wú sí nínú agbárí. Ìyẹn lè pa á kíá ju iyọ̀ lọ."

Ó dìde lọ wá ọkọ̀. Àníkẹ́ kò gbọ́ ohun tó bá nọ́ọ̀sì sọ lójú ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ olóògbé, Mátíù, ló dé sí i lọ́kàn, òun àti awọ rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò. Bí wọ́n bá gbé awọ ewúrẹ́ tútù dé láàárọ̀, á da iyọ̀ sí i, á ká a jọ, á gbé e sórí pákó tó dagun. Títí ìrọ̀lẹ́, omi á ti máa ro tótó lára awọ náà sínú agolo tó wà nísàlẹ̀ pákó. Ẹnì kankan kò fún awọ náà bí ẹni ń fún aṣọ. Iyọ̀ ló fà á jáde, Àníkẹ́ gan-an ló sì máa ń da omi agolo náà nù. Ó ti mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe lára awọ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó wo apá Tóbi tó nà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ dírípù bọ̀. Ẹ̀rù bà á.

Báwo ni yóò ti wí i? Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Bó bá sì jẹ́ pé kídìnrín ni lóòótọ́ ńkọ́, tó wá jẹ́ pé omi yẹn nìkan ló dì í mú títí di ìsinsìnyí?

Adéọlá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí ti irin bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, bóyá ọ̀rá méjì ni mo dà sí i. Mi ò rántí mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é."

Àníkẹ́ dìde. Ó fa àpò rẹ̀ jáde lábẹ́ àga, ó ní òun ń bọ̀.

Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ni ẹ̀rọ omi wà, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń fọ aṣọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó tú ìgò jáde nínú aṣọ funfun, ó sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ní kó wọ inú iná. Bó bá tọ́ ọ wò, ó ti jí ìwòsàn Tóbi nìyẹn, bí Tóbi bá sì kú, òun ló pa á. Bí kò bá tọ́ ọ wò, kò ní mọ̀. "Olúwa, má fi ti ọmọ náà ṣe," ló wí. "Èmi ni kí o bá wí." Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ahọ́n kàn án.

Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Òun tó ń ta iyọ̀, tó máa ń fi ahọ́n tọ́ iyọ̀ wò lójú oníbàárà, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tu ú dànù, ó tún tutọ́, iyọ̀ náà kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ṣí ẹ̀rọ, ó ti fi ẹnu sí i, ó ń mu omi gbìgbì. Ó mu ún títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí ẹni tó ti ń bẹ̀ ẹ́ fún omi láti àárọ̀, tó sì jẹ́ pé èyí tó wà nínú ìgò yìí ló ń fún un. Ó pariwo ẹkún lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó sì sáré.

Gìrì ti mú Tóbi nígbà tó wọlé. Ara rẹ̀ le gbandi, ojú rẹ̀ yí sókè, nọ́ọ̀sì méjì dì í mú ní ẹ̀gbẹ́, dókítà ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Adéọlá dúró ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. Àníkẹ́ gba àárín wọn kọjá, ó gbé ìgò náà ka orí tábìlì.

"Dókítà, èyí ni mo ń fún un."

Dókítà gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ná. Ìgbà tí ara Tóbi dẹ̀, tó sì ń mí, ló tó yíjú. "Kí ni?"

"Omi ni. Iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe Wòlíì, èmi ni mo bù ú. Mo fi po oògùn rẹ̀ nílé. Mo fún un níbí lánàá. Mo fún un láàárọ̀ yìí náà. Ìyá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Dókítà ki ìka bọ inú ìgò, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ sínú áńkáṣíìfù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló kọjú sí. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dá ọkọ̀ Ìbàdàn dúró ná. Kì í ṣe kídìnrín. Ẹ máa wo dírípù yẹn, ẹ má jẹ́ kó yára."

Adéọlá ń wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wò ó títí tí Àníkẹ́ fi gbé ojú sílẹ̀.

"Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ló wí, "mo ń sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ẹ gbọ́ mi, Màmá."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ jáde."

Kò pariwo mọ́ ọn. Kò sì yọ "ẹ" kúrò níbẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Àníkẹ́ jáde.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹni tó bá kọjá á kí i, á dáhùn. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, Wòlíì Ọlọ́runṣògo ni.

"Ẹ kú ìdúró, Ìyá Timothy. Ara ọmọ ńkọ́? Ṣé omi náà ti tán?"

"Mo tọ́ ọ wò, Wòlíì," ni Àníkẹ́ wí.

Ohùn Wòlíì yí padà. "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó yẹ kí n ti tọ́ ọ wò kí n tó kúrò ní Ọ̀yọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.

Nínú wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí bó ṣe wà. Omi ń kán, ó ń dúró, ó ń kán. Láti ojú fèrèsé tó kọjú sí bẹ́ǹṣì, Àníkẹ́ ń rí ìgò dírípù náà, kò sì rí ohun mìíràn. Òun tó ti ń bínú sí i pé kò yára, òun náà ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má yára. Ó ń rò ó bí ìkán kọ̀ọ̀kan ṣe ń wá yàrá kékeré kan nínú orí ọmọ náà, tó ń rọra kan ilẹ̀kùn. Kò gbàdúrà. Ẹnu rẹ̀ kò gba àdúrà lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Dókítà Mashood gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú èsì lọ́wọ́, ó sì dúró níwájú Àníkẹ́, ohun tí kò pọn dandan fún un.

"Ó ti ń wálẹ̀, Màmá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wálẹ̀, bí a ṣe fẹ́. A ò tíì jáde nínú rẹ̀ o. Àmọ́ ó ti la ojú."

Àníkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó wọlé.

Ó gbọ́ ohùn náà kó tó mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ. Ó ṣì rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní ìkanra díẹ̀ nínú, ìkanra ọmọ tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. "Màmá Ọ̀yọ́ dà? Màmá Ọ̀yọ́, omi."

Adéọlá yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún àti àìsùn. Ó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti kọjá.

Tóbi nawọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Àníkẹ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú ìró, bí ẹni tí wọ́n bá nídìí olè. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó àkókò ṣíbí kan. Adéọlá gé etí ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó da díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ó mú ṣíbí. Ọmọ ya ẹnu, ó ń dúró dè é, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò gbé e lọ sí ẹnu rẹ̀. Ó na kọ́ọ̀bù àti ṣíbí náà sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ tọ́ ọ wò ná," ló wí.

Àníkẹ́ gbà á. Ó bu omi náà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mú un dúró lórí ahọ́n títí ó fi dá a lójú. Kò dùn, kò korò, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló bu ṣíbí kan, ó sì rọra gbé e lọ sí ẹnu ọmọ.